Kí ló dé tí mágínẹ́ẹ̀tì ò fa páúdà dúdú inú bátìrì, tó wá ń fa dúdú inú ínfátà?

Aláńfátà_Tákíè
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mo ní kí n gbé e wá síbí torí àwọn tó kàwé físíìsì ò wọ́n níbí. Ínfátà àti ṣájà ni mò ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn mo tú ínfátà kan tó jóná, ẹ ṣáà mọ tàràǹsífọ́mà kékeré dúdú inú ẹ̀, èyí tó máa ń fọ́ bí àwo tó bá já bọ́, mo gbé mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà sún mọ́ ọn, gbà! ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ọ̀gá, kí ni wọ́n fi ṣe é, mo ní ferrite ni, ìpẹtà irin ni wọ́n pò mọ́ mángánísì àti síǹkì tí wọ́n wá sun bí ìkòkò. Ó ní ṣé mángánísì inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà nìyẹn? Mo ní òun náà ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan tó ti kú, ó da páúdà dúdú inú ẹ̀ sórí bébà, ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Kò mira. Rárá o. Ó wá ń wò mí bíi pé mo parọ́ fún òun.

Ẹ bá mi wá nǹkan sọ fún ọmọ yìí. Mángánísì kan náà, kí ló dé tó fa ọ̀kan tí kò fa èkejì?

Jagunlabí04
Ẹ sọ fún un pé bátìrì yẹn ti kú, òkú kì í jẹ́pè 😂

Ọmọ_UnderG
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n. Físíìsì ni mò ń kà ní LAUTECH. Ẹ̀yin ò parọ́, ọmọ yẹn náà ò sì ṣe àṣìṣe.

Páúdà inú bátìrì yẹn, manganese dioxide ni, mángánísì kan sí ọ́síjìn méjì. Ohun tó ń fún nǹkan lágbára òòfà ni àwọn electron (ẹyọ tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná) tí kò ní ìkejì. Tí electron bá pé méjì síbi kan, ìkan á kọjú sókè ìkan á kọjú sílẹ̀, agbára wọn á pa ara ẹ̀. Mángánísì wá jẹ́ ọlọ́rọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ yìí torí ó lè ní tó márùn-ún tí kò ní ìkejì. Nínú ti bátìrì, ọ́síjìn ti gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó ku mẹ́ta. Mẹ́ta ò kéré. Àìṣọ̀kan ló ń bá wọn jà.

Ẹ wo Ọjà Jagun nígbà tó bá kún, èèyàn rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n olúkúlùkù kọjú síbi tí nǹkan tó fẹ́ rà wà, tí gbogbo wọn bá tiẹ̀ ń ti ọkọ̀ kan báyìí, tí ìkan ń tì í síwájú tí ìkan ń tì í sẹ́yìn, ojú kan ni ọkọ̀ yẹn máa wà. Bí àwọn mángánísì inú páúdà yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn nínú ooru wa yìí.

Aláńfátà_Tákíè
Ó yé mi dáadáa. Tí a bá wá mú un tutù ńkọ́? Kí n kó o sínú fúrísà kí wọ́n lè fara balẹ̀?

Ọmọ_UnderG
Ẹ̀gbọ́n, fúrísà yín ò lè tó o 😄 Ní ti manganese dioxide, ó di nǹkan bíi 92 Kelvin, ìyẹn −181 dígíríì, kí wọ́n tó tò. Tí wọ́n bá sì tò ọ̀hún náà, wọn ò ní ran ọmọ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbátan ẹ̀ tó rọrùn ṣàlàyé, MnO, páúdà aláwọ̀ ewé, mángánísì kan sí ọ́síjìn kan. Tó bá ti tutù kọjá 118 Kelvin (−155 dígíríì) àwọn mángánísì inú ẹ̀ máa tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá kọjú sókè ìlà tó tẹ̀ lé e á kọjú sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ. Agbára wọn pé, àpapọ̀ ẹ̀ òdo. Antiferromagnetic là ń pè é. Louis Néel ará Faransé ló kọ́kọ́ ro irú ètò bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn èèyàn ò rí i fojú rí. Ọdún 1949 ni Clifford Shull àti ẹnì kejì ẹ̀ ní Amẹ́ríkà wá ta neutron (ẹyọ tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù tí kò gbé iná) lu MnO yìí gan-an tí wọ́n fi rí i pé ìlà ń dojú kọ ìlà lóòótọ́. Néel gba Nobel 1970, Shull gba tiẹ̀ 1994. Ẹ ò rí i pé páúdà táwọn èèyàn ò kà sí ló gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ Nobel.

Olóko_Ìlọrà
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o. Mo dán an wò báyìí báyìí, bátìrì rìmóòtù ni mo fọ́, mágínẹ́ẹ̀tì sì fà á, ó fà á gan-an! Torí náà àlàyé ìwé yín ò bá ojú ayé mu.

Bàbá_Rédíò
Olóko, ẹ rọra. Bátìrì rìmóòtù yẹn, ṣé èyí tí wọ́n kọ alkaline sí lára ni? Irin ni wọ́n fi ṣe agolo ara ẹ̀ níta. Ti tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú, síǹkì ni wọ́n fi ṣe tiẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì ò mọ síǹkì rí. Ẹ gbọn páúdà yẹn kúrò lára irin, ẹ ṣà á mọ́ dáadáa, kẹ́ ẹ tún un wò.

Olóko_Ìlọrà
Ha. Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Kò fà á mọ́. Eérún irin ló wà nínú ẹ̀.

Bàbá_Rédíò
Ó dáa. Òwódé ní Ọ̀yọ́ ni mo wà, láti 1978 ni mo ti ń tú rédíò. Ìwọ ọmọ UnderG, o ṣàlàyé dáadáa, Ọlọ́run á jẹ́ o parí ẹ̀kọ́ ẹ láyọ̀, ṣùgbọ́n apá kan ìbéèrè lo dáhùn. Ọ̀gbẹ́ni ń bi yín nípa ti ínfátà ẹ ń kó MnO bá a.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan han ẹ̀yin oníṣẹ́ iná kí àwọn oníwèé tó dé. Dúdú méjì ló wà, ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti mángánísì àti síǹkì, èkejì jẹ́ ti nickel àti síǹkì. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èwo lèwo, ẹ yí mítà yín sí ohm, ẹ fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara dúdú yẹn níbi tí wọn ò kun ọ̀dà sí. Tí mítà bá ka nǹkan, bóyá ẹgbẹ̀rún ohm lọ́nà díẹ̀ tàbí lọ́nà àádọ́ta, ti mángánísì ni. Tó bá dákẹ́ bíi pé ẹ̀ ń wọn pákó, ti nickel ni. Ti mángánísì lẹ máa fi wé tàràǹsífọ́mà ínfátà àti ṣájà. Mo ti rí ẹni tó fi ti nickel rọ́pò ẹ̀ nítorí pé ó bá a mu ní ìwọ̀n, ínfátà yẹn ò gbé ẹrù kankan, ó kàn ń gbóná ṣáá, oníbàárà fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú.

Aláńfátà_Tákíè
Bàbá ẹ kú ọgbọ́n! Mo ti sáré lọ wọ̀n ọ́n. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ka 38 kilo-ohm. Láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí mi ò fi mítà kàn án rí.

Ẹ wá gbọ́, mo bá kúkú wọn páúdà bátìrì náà, ó ka nǹkan tí kò tó ọgọ́rùn-ún ohm. Ṣé ìyẹn ni pé páúdà yẹn ń gbé iná ju ferrite lọ?

Ọmọ_UnderG
Rárá ẹ̀gbọ́n, kábọ́ọ̀nù lẹ wọ̀n. Manganese dioxide fúnra ẹ̀ ò mọ iná gbé dáadáa, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa po èédú kíkúnná mọ́ ọn. Láti ìgbà Georges Leclanché ní 1866 ni wọ́n ti ń po kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Kábọ́ọ̀nù ni ọ̀nà, mángánísì ni ilé tí electron ń lọ.

Àdùkẹ́_Akẹ̀sán
Ẹ káàsán gbogbo ilé. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Ọ̀yọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ páúdà yìí rán mi létí pé nígbà tá a wà ní pámárì òun la fi ń kun bọ́ọ̀dù, a ó lọ fọ́ bátìrì, a ó gún un pọ̀ mọ́ ewé ẹ̀gẹ́, ọwọ́ wa á dúdú títí di ọjọ́ kẹta.

Nọ́ọ̀sì_Sábó
Èmi kàn fẹ́ bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ́ bátìrì káàkiri yìí. Ẹ má fẹ́ páúdà yẹn lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kó fò wọ imú yín. Èérú mángánísì tí èèyàn bá ń fà símú fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba ọpọlọ jẹ́, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìrìn á yí padà. Dókítà kan tó ń jẹ́ John Couper ti rí i lára àwọn tó ń lọ mángánísì ní Sìkọ́tíláǹdì láti 1837. Ẹ rin ín lómi díẹ̀, ẹ sì fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan oúnjẹ.

Àdùkẹ́_Akẹ̀sán
Ẹ ṣeun nọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ló yọ wá ní pámárì.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ti ferrite tí Bàbá sọ. Ẹ ṣáà mọ eré fífa okùn. Nínú MnO tí ọmọ UnderG sọ, ẹgbẹ́ méjì ló ń fa okùn, wọ́n pé iye kan náà, agbára wọn dọ́gba, okùn ò lọ síbì kankan. Nínú ferrite, ẹgbẹ́ méjì náà ṣì ni, wọ́n ṣì ń fa okùn ní ìdojúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n iye wọn ò dọ́gba. Àyè oríṣi méjì ló wà láàárín àwọn ọ́síjìn inú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí ẹnì kan ní àyè kìíní ẹ máa rí ẹni méjì ní àyè kejì. Ká sọ pé mángánísì kan ló wà lápá kan, irin méjì lápá kejì. Electron márùn-ún tí kò ní ìkejì ni mángánísì yẹn ní, irin náà ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún lápá ọ̀tún, mẹ́wàá lápá òsì, ẹ sọ fún mi ibi tí okùn máa lọ?

Márùn-ún tó ṣẹ́ kù yẹn ló lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì yín, gbà.

Kódà tí irin kan bá gba àyè mángánísì tí mángánísì sì bọ́ sí tiẹ̀ (ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa), kò yí nǹkankan padà, márùn-ún ni tọ̀hún márùn-ún ni tìbí.

Aláńfátà_Tákíè
Àǹtí ẹ ṣeun gan-an. Síǹkì wá ńkọ́? Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mágínẹ́ẹ̀tì ò mọ síǹkì rí. Kí ni wọ́n ń fi síǹkì sí i fún, ṣé kó lè pọ̀ ni?

Àdùkẹ́_Akẹ̀sán
Ìbéèrè tí mo fẹ́ gan-an nìyí! Síǹkì ò lágbára òòfà kankan, gbogbo electron ẹ̀ ló ní ìkejì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sí i, apá tó ń fìdí rẹmi ló máa ń lọ jókòó sí. Ó gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń fa okùn níbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò sì fà. Àwọn ẹlẹ́ni mẹ́wàá wá ń fa okùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí àwọn kan nínú wọn kàn jókòó. Agbára tó ṣẹ́ kù pọ̀ sí i! Ẹ fi ohun tí kò lágbára kún un, àpapọ̀ ẹ̀ wá lágbára sí i. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ọdọọdún ni wọ́n máa ń rò pé mo ń fi wọ́n ṣeré.

Ó ní ibi tó mọ o. Síǹkì tó bá pọ̀ jù, àwọn tó ń fa okùn ò ní gbọ́ra wọn mọ́, ilé á tú.

Bàbá_Rédíò
Òótọ́ ni. Bákan náà ni tó bá gbóná jù. Èyí tó wà nínú ínfátà, tó bá ti gbóná kọjá igba dígíríì tàbí bẹ́ẹ̀, agbára ẹ̀ á kàn lọ lójijì, wáyà á wá dà bíi pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n wé e mọ́, àwọn MOSFET (àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná tó ń pa á nínú ínfátà) á sì jó tẹ̀ lé e. Tó bá tutù tán agbára ẹ̀ á padà, MOSFET ni kì í padà.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ ṣe ferrite fún iṣẹ́ iná, Kato àti Takei ní Tokyo ní 1930, òun ni wọ́n fi dá ilé iṣẹ́ TDK sílẹ̀ ní 1935. Ẹ ò bá wo ara ọ̀pọ̀ dúdú tẹ́ ẹ̀ ń tú, ẹ máa rí TDK níbẹ̀.

Jagunlabí04
Bàbá kí ló dé tí wọn ò kúkú fi irin lásán ṣe é bíi ti tàràǹsífọ́mà NEPA? Irin ò ṣe é rà ni?

Bàbá_Rédíò
O béèrè ìbéèrè gidi lónìí, ẹnu yà mí. Iná NEPA ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìkan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 50 hertz. Ínfátà kékeré ń yí tiẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún sókè lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin ń gbé iná, tí òòfà bá ń yí kíákíá báyẹn nínú irin, iná òfò á máa sáré yípo nínú irin yẹn fúnra ẹ̀, á gbóná, ẹ lè fi din ẹyin. Ti NEPA tó ń rọra, wọ́n gé irin ẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n kùn ún lọ́dà kí iná má bàa ráyè rìn láti ìkan sí ìkejì. Ferrite kò nílò gígé, ara ẹ̀ ò gbé iná tó bẹ́ẹ̀, 38 kilo-ohm tí ọ̀gbẹ́ni kà yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ iná òfò.

Aláńfátà_Tákíè
Ẹ̀yin àgbà ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n fi ìkan kún un. Ibẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n kọ 5D-9 sí lára wà, pẹlẹbẹ róbótó, ẹnu ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé nínú ṣájà. Mo mọ̀ pé tó bá tutù ó ń ka 5 ohm, tó bá gbóná ó ń já sílẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé mángánísì ni òun náà, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ_UnderG
Òótọ́ ni, thermistor ni. Oxide mángánísì pẹ̀lú nickel, nígbà míì kí wọ́n fi cobalt sí i, ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Wáyà kọ́pà tó bá gbóná resistance ẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) ń lọ sókè, àbí? Tèyí ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdí ni pé electron inú ẹ̀ kì í ṣàn bí omi, fífò ló ń fò láti orí mángánísì kan sí òmíràn, bí ẹni tó ń fo òkúta sọdá odò. Tó bá tutù kò ní agbára àtifò. Ooru ló ń tì í nídìí. Tẹ́ ẹ bá tan ṣájà, ó kọ́kọ́ dá iná tó ń ya wọlé dúró díẹ̀, iná yẹn á mú un gbóná, á wá jẹ́ kó máa kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi tí mo ti ń fẹ́ dé láti àárọ̀, torí gbogbo wa ti ń sọ ọ́ bíi pé irin ló ń gba mángánísì là. Mángánísì oxide kan wà tí kò sí irin nínú ẹ̀ rárá, tí mágínẹ́ẹ̀tì á sì fà á lórí tábìlì yín nínú ooru Ògbómọ̀ṣọ́. Dúdú lòun náà. Lanthanum, strontium, mángánísì, ọ́síjìn. Jonker àti van Santen tó ń ṣiṣẹ́ ní Philips ní Nẹ́dálándì ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1950. Tí strontium ò bá sí níbẹ̀, ńṣe ló dà bí àwọn tó kù, ìlà ń dojú kọ ìlà, kì í sì í gbé iná. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi strontium rọ́pò lanthanum mẹ́ta nínú mẹ́wàá, àwọn mángánísì kan á ní electron mẹ́rin, àwọn kan á ní mẹ́ta. Ẹni mẹ́rin lè wá ta ẹnì kan fún ẹni mẹ́ta, ọ́síjìn tó wà láàárín wọn ló ń bá wọn gbà á kọjá.

Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń kó búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé? Tí gbogbo wọn bá kọjú sápá kan náà ó ń yá. Tí ẹnì kan bá kẹ̀yìn sí ẹnì kejì, búlọ́ọ̀kù á dúró lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí Clarence Zener, onífísíìsì ará Amẹ́ríkà, sọ ní 1951 nìyẹn, pé electron tó ń rìn yẹn ló ń mú kí àwọn mángánísì kọjú sápá kan náà kí ọ̀nà lè là fún un. Torí náà nínú ti èyí, òòfà àti iná jọ ń dé ni, wọ́n jọ ń lọ ni. Ó ń gbé iná torí ó jẹ́ òòfà, ó jẹ́ òòfà torí ó ń gbé iná. Ó dìgbà tó bá gbóná dé nǹkan bíi 370 Kelvin, ìyẹn bí omi tó kù díẹ̀ kó hó, kó tó tú.

Àdùkẹ́_Akẹ̀sán
Áà, ọmọ yìí! Èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọmọ_UnderG
Ẹ ṣeun mà. Ó kù díẹ̀ mà. Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyẹn, ẹni tó bá gbé mágínẹ́ẹ̀tì ńlá sún mọ́ ọn láti fipá mú àwọn tó ń gbé búlọ́ọ̀kù kọjú sápá kan náà, resistance ẹ̀ gbọ́dọ̀ já. Ó sì ń já! Ní 1994, àwọn kan ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà lo èyí tó ní calcium dípò strontium, resistance ẹ̀ já ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún lọ. Colossal magnetoresistance ni wọ́n sọ ọ́.

Jagunlabí04
Ẹ jẹ́ á fi ṣe ínfátà tuntun nígbà yẹn, kí la ń dúró dè? Mo ti rí owó 🤑

Ọmọ_UnderG
Jagun, wọ́n mú un tutù dé nǹkan bíi 77 Kelvin (−196 dígíríì), mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lò sì jẹ́ 6 tesla (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà). Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n ń fi èèyàn sí nínú hòsípítù, púpọ̀ nínú wọn 1.5 ni. Gbé ìyẹn wá sí Tákíè ká rí i.

Bàbá_Rédíò
😂 Kó gbé e wá, gbogbo páànù orí ṣọ́ọ̀bù Tákíè ló máa bá a lọ.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò lọ sí yunifásítì o, kí ló fà á tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì fi máa ń padà ṣiṣẹ́ díẹ̀ tí a bá sá a sóòrùn? Ìyá mi máa ń sá a sórí páànù.

Àdùkẹ́_Akẹ̀sán
Mà, ibi tí bátìrì bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣì ní nǹkan lára. Oòrùn á mú un gbóná, àwọn èròjà inú ẹ̀ á máa rìn kiri yá yá, á tún mú iná wá fún ìgbà díẹ̀. Kò gba ṣáájì kankan látọ̀dọ̀ oòrùn o, èyí tó ṣẹ́ kù ló ń há jáde. Tó bá ti ń jomi ẹ gbé e sọnù.

Ìyá_Ìbejì_Sábó
Ẹ ṣeun. Bíi ká fi omi gbígbóná ṣan ìdí ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn.

Aláńfátà_Tákíè
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ àbọ̀ o. Mo pè ọmọ UnderG sórí fóònù lálẹ́ àná, ó ní páúdà bátìrì yẹn náà gbọ́dọ̀ gbọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ó kàn jẹ́ pé ó ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ ni, pé mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà ò lágbára tó, àti pé orí bébà tí ó wà ń dá a dúró. Òwúrọ̀ yìí a sá páúdà yẹn títí ó fi gbẹ, a ṣà á, a dì í sínú ọ̀rá tín-ínrín kan (nọ́ọ̀sì, a bo imú), a fi òwú ìránṣọ gígùn so ó rọ̀ láti ara àjà. A pa fáànù, a ti ilẹ̀kùn, a ní kí oníbàárà dúró síta. Mo tú mágínẹ́ẹ̀tì inú hard disk kọ̀ǹpútà kan tó ti bàjẹ́, ìyẹn èyí tó máa ń ká ìka mọ́.

A kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ ọ̀rá òfìfo tí a so rọ̀ bákan náà, kò ṣe nǹkankan. A wá gbé e sún mọ́ ti páúdà. Ó dúró. Ọmọ yẹn ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní dákẹ́. Ó wá rọra yí, jẹ́jẹ́ bíi ẹni tí oorun ń kùn, ó sún tọ mágínẹ́ẹ̀tì. Mo fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la ṣe é.

Ọmọ_UnderG
Ṣé ó fò lẹ̀ mọ́ ọn, àbí ó kàn sún? Tí ẹyọ kan bá fò, eérún irin ni.

Aláńfátà_Tákíè
Kò fò, sísún ló ń sún. Ọmọ yẹn ò tíì kúrò nídìí ẹ̀ láti aago mẹ́wàá, ṣájà mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí àwọn olówó ẹ̀ ń pè mí. Ó tún ti ń béèrè pé ṣé ọ̀dà orí bọ́ọ̀dù ilé ìwé àwọn náà máa sún.